Ímeèlì ọ́fíìsì kọ̀, kò wọ fóònù tuntun mi

Computer Village n'Ìkẹjà ni mo ti ra fóònù náà. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ló bá mi tàn án, òun náà ló bá mi to ọjọ́ àti aago sí i. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀ ná.

WhatsApp ṣiṣẹ́, áàpù báǹkì ṣiṣẹ́. Ímeèlì ọ́fíìsì nìkan ló kọ̀ jálẹ̀. Iléeṣẹ́ kan wà tí ọ́fíìsì wa gbà fún irú wàhálà báyìí (mi ò ní dárúkọ wọn, ibi tí ọmọ ọlọ́mọ ti ń jẹun ni). Mo pè wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Orin ni wọ́n fi dá mi lóhùn fún ogún ìṣẹ́jú, airtime mi sì ń jó lọ.

Ẹni tó gbé e níkẹyìn mọ ọmọlúàbí ṣe, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ yọ áàpù yẹn kúrò mà, kí ẹ tún un fi sí i." Mo yọ ọ́, mo tún un fi sí i. "Ẹ tún un ṣe mà." Ẹ̀ẹ̀mẹta! Nígbà tó sú òun náà, ó ní kí n fọwọ́ ara mi tẹ orúkọ sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ímeèlì wa) àti 993, nọ́ńbà ojú ọ̀nà tí fóònù máa gbà débẹ̀, sí i. Ọ̀nà àtijọ́ nìyẹn, ìgbà tí orúkọ àti password nìkan tó fi wọlé. Ọ̀dọ̀ Microsoft ni ímeèlì wa wà, láti October 2022 ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn yẹn. Ṣé èmi tí mò ń ṣírò owó oṣù ló yẹ kí n mọ̀ ọ́n ni, àbí òun? Mo tẹ̀ ẹ́ títí àkáǹtì mi fi tì pa.

Mo ti ń kọ ẹ̀sùn wọn sí ọ̀gá wa lọ́wọ́ nígbà tí obìnrin kan pè mí láti ọ̀dọ̀ wọn, aago mẹ́ta ti kọjá díẹ̀. Kò ní kí n yọ nǹkan kan. Ó bá mi ṣí àkáǹtì, ó ní kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí n gbé kámẹ́rà fóònù sí QR code tó wà lójú rẹ̀, kí n wá tẹ nọ́ńbà mẹ́fà tó bá jáde lórí fóònù, láti fi hàn pé èmi gan-an ni. Mo tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kò tọ̀nà. Mo tẹ òmíràn, pàbó. Ẹkún ti ń gbọ̀n mí. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, aago mélòó ni fóònù yín sọ?" Mo ní 3:11. "Kọ̀ǹpútà ńkọ́ mà?" 3:18.

Àwa méjèèjì la jọ bú sẹ́rìn-ín. Aago ni fóònù fi ń ṣírò nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, ìṣẹ́jú-àáyá 30 péré sì ni ó fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Tèmi ti fi ìṣẹ́jú méje rẹ̀yìn, ìyẹn ni pé nọ́ńbà tó ti kú ló ń gbé fún mi! Mo jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa to aago fúnra rẹ̀, ni lẹ́tà bá wọlé gììrì.

Ẹ̀rín yẹn kò tíì tán lẹ́nu mi tí fóònù fi béèrè pé ṣé mo gbà kí ọ́fíìsì lè pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Gbogbo ẹ̀ kẹ̀? Àwòrán ìkómọ ọmọ ọmọ mi wà níbẹ̀! Obìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni mà, bí mo bá lo áàpù ímeèlì tó bá fóònù wá. Pé kí n lo Outlook, áàpù ímeèlì ti Microsoft fúnra wọn, ímeèlì ọ́fíìsì nìkan ni wọ́n lè pa rẹ́ níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi lo fóònù àtijọ́, mo ti tẹ "mo gbà" sí nǹkan yìí, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò là mí lóye.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Obìnrin yẹn ló ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orin wọn ló jẹ ìkarùn-ún.