Ṣọ́ọ̀bù bọ́ọ̀dù síílìn kan ní Ìlọrin

Mo lọ ra bọ́ọ̀dù síílìn ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Taiwo Road, ọmọ tó ń tajà ní "àǹtí, iná ò lè ràn án", ló bá ṣáná sí etí PVC yẹn, ìyẹn bọ́ọ̀dù oníke, ó ń ká jọ, èéfín dúdú ń yọ. Inú bí mi gan-an o! Kì í ṣe ìṣáná ni wọ́n fi ń mọ bọ́ọ̀dù tó lè dúró fún iná, inú fọ́nẹ́ẹ̀sì, ìyẹn iléru ńlá, ni wọ́n ti ń dán an wò, ooru ibẹ̀ á tó 927°C tó bá pé wákàtí kan, wọ́n á wá ka iye ìṣẹ́jú tó fi dúró, bíi 30, 60, 120. Ọ̀gá wọn ló gbé bọ́ọ̀dù gypsum jáde, wọ́n kọ Type X sẹ́yìn ẹ̀, ìyẹn irú èyí tí wọ́n ṣe kó lè dúró fún iná, omi tó wà nínú ẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Ìyẹn dáa, mo rà á. Ṣùgbọ́n ògiri tàbí síílìn lódindi ni wọ́n ń dán wò, kì í ṣe bọ́ọ̀dù nìkan, ẹ sọ fún káfíńtà yín.