Ṣé kí n fi kún agbára Corolla mi? Àgbéyẹ̀wò ohun tí wọ́n fẹ́ tà fún mi àti iṣẹ́ tí mo sanwó fún

Corolla 2005 tòkunbọ̀ ni mo ń wà, èyí tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8 tí Toyota ń pè ní 1ZZ-FE. Nígbà tó jáde tuntun pàápàá, agbára rẹ̀ kò ju horsepower 130 lọ. Nínú ìgboro Iléṣà, láti Bólórundúró dé ọjà Atákúnmọ̀sà, ìyẹn tó, ó tún ṣẹ́kù. Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n Aláàyè ni ìṣòro wà. Ibẹ̀ ni àwọn àna mi ń gbé. Téèyàn bá ti kọjá Ìwárájà, tó ń sún mọ́ Ìtáwúrẹ́, òkè ló kù níwájú. Bí a bá pé márùn-ún nínú mọ́tò, tí AC ń ṣiṣẹ́, tí iṣu kún búùtù, gíà á já wálẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ké, mọ́tò ò sì ní yára. Tírélà tó bá wà níwájú wa, ẹ̀yìn rẹ̀ náà la máa wà títí.

Àbúrò ìyàwó mi ló kọ́kọ́ dá a lábàá. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi tuúbò sí i." Ló bá mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ilé-Ifẹ̀ tó ń polówó pé àwọn ń fún mọ́tò lágbára. N kò ní dárúkọ wọn.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé síwájú mi ni chip, nǹkan kékeré tí wọ́n ń kì bọ OBD2, ihò tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà mọ́tò wò lábẹ́ sítíarì. Ẹ má ná kọ́bọ̀ lé e. Kọ̀ǹpútà mọ́tò ló ń pinnu iye epo tí ẹ́ńjìnnì ń mu àti ìgbà tí pílọ́ọ̀gì ń ta iná. Ohun tí wọ́n kàn kì bọ ihò yẹn, tí kò kọ ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà, kò lè yí i padà. Àwọn tó tú irú chip olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ wò ti rí i pé iná tó ń ṣẹ́jú lásán ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Èkejì ni kí wọ́n yọ catalyst, ohun tó ń fọ èéfín mọ́ nínú páìpù èéfín, kí wọ́n jó páìpù gbalasa sí ìdí mọ́tò. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì á mí dáadáa. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé wọ́n fẹ́ kí n fi èyí tí wọ́n bá yọ sílẹ̀ fún wọn. Platinum, palladium àti rhodium ló wà nínú catalyst, owó ńlá ni wọ́n. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí pàǹtí mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ tún rántí pé sẹ́ńsọ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí catalyst bá ti kúrò, iná check engine á tàn, ẹ ò sì ní mọ ọjọ́ tí nǹkan mìíràn bá bàjẹ́ lóòótọ́.

Tuúbò fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ronú lé e pẹ́. Èéfín tó ń jáde ló ń yí i, ó sì lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń ki afẹ́fẹ́ púpọ̀ bọ inú ẹ́ńjìnnì, epo púpọ̀ á tẹ̀ lé e, agbára á sì pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n 1ZZ-FE ti ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó fi kún un. Bí a bá tún fi ti tuúbò lé e, epo lè máa gbiná ṣáájú àkókò rẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ kàn-kàn-kàn, písítìn sì lè fọ́. Kí ìyẹn má bàa ṣẹlẹ̀, wọ́n ní láti pààrọ̀ injector tó ń fọ́n epo, kí wọ́n fi intercooler tó ń mú afẹ́fẹ́ tuúbò tutù sí i, kí wọ́n tún ètò kọ̀ǹpútà kọ. Mo bi ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà pé ta ló máa kọ ètò yẹn. Ó ní ẹnì kan á wá láti Èkó. Bó bá wá ń kàn lọ́nà Ẹ̀fọ̀n lálẹ́ ńkọ́? Kò rí èsì kan pàtó fún mi. Owó tó dá lé mi lé ní mílíọ̀nù méjì náírà, kò sì sí bíréèkì nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bíréèkì yẹn ló mú mi pinnu. Mọ́tò tó ń sá 100 ní agbára ìrìn tó fi ju ìdajì lọ ju èyí tó ń sá 80, bíréèkì ló sì máa gbà á mọ́ra. Ẹ wo ohun tí Toyota fúnra rẹ̀ ṣe. Ní 2005 àti 2006, wọ́n ṣe Corolla XRS fún ọjà Amẹ́ríkà, nǹkan bí horsepower 170. Wọn kò kàn gbé ẹ́ńjìnnì 2ZZ-GE sínú rẹ̀ kí wọ́n dé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gíà aláfọwọ́yí onípele mẹ́fà ni wọ́n fún un, wọ́n mú ìdúró rẹ̀ (suspension) le sí i, wọ́n sì fi bíréèkì dísìkì sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tèmi, dúrọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá sì ń ronú láti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì pátápátá, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lórí ìwé mọ́tò o. Ẹ tún un ṣe kí ọlọ́pàá tó bi yín.

Mo padà sílé, mo gbé mọ́tò lọ bá mẹ́kánikì kan níbí ní Iléṣà. Mo ní kó bá mi wá agbára tó yẹ kí mọ́tò náà ní tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ yìn.

Kò fọwọ́ kan ohunkóhun kó tó wà á pẹ̀lú mi. Nígbà tí a dé, ó sọ̀kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí ríìmù kọ̀ọ̀kan. Ti iwájú lápá òsì gbóná débi pé kò lè gbé ọwọ́ lé e. Bíréèkì ẹsẹ̀ náà kì í tú dáadáa, pín-ìnnì tó ń jẹ́ kó sún ti dípẹtà. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí mo ń gun òkè ni mo ń tẹ bíréèkì díẹ̀. Ó yọ fíítà afẹ́fẹ́, ó gbọ̀n ọ́n sílẹ̀, eruku pupa dà bí ìyẹ̀fun. Ẹnu throttle, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, dúdú fún èéfín tó gan mọ́ ọn. Nínú pílọ́ọ̀gì mẹ́rin, méjì kì í ṣe ojúlówó.

Ohun tó ṣe lórí catalyst ló wú mi lórí jù. Ó tú sẹ́ńsọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ kí èéfín lè rí ibòmíì gbà jáde, a sì wa mọ́tò náà jáde díẹ̀. Ó pariwo, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò yàtọ̀. Catalyst kò dí. Bí mo bá jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ ní Ifẹ̀, n kò ní jèrè kankan. Ó dá sẹ́ńsọ̀ padà, ó wọn kọ́mpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sún mọ́ ara wọn. Ẹ́ńjìnnì náà ṣì lókun.

Gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú pílọ́ọ̀gì tuntun àti epo gíà, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tuúbò. Ní òkè Ìtáwúrẹ́ báyìí, gíà kẹta ń gbé wa níbi tí kejì ti ń ké tẹ́lẹ̀, AC ò sì kú. N kò lè yọ lára tírélà ní kọ́nà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dán an wò, ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀nà bá ti là, mọ́tò ń jẹ́ ìpè. Láàárọ̀ ọyẹ́ ó tún dáa sí i, torí afẹ́fẹ́ tútù ki ju ti ọ̀sán lọ.

Àléébù mẹ́kánikì náà: kì í pa àdéhùn mọ́ rárá, kò fún mi ní rìsíìtì, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì fi gíríìsì kun ìjókòó ẹ̀yìn. Síbẹ̀ mo máa padà lọ, torí ó fi gbogbo páàtì tó yọ hàn mí kó tó sọ iye owó.

Ẹni tó bá ní mọ́tò kejì tó lè gbé lọ síbi iṣẹ́, tó sì mọ ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tó sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n kò ní kó má fi tuúbò sí tirẹ̀. Kó kọ́kọ́ ṣe bíréèkì àti táyà ni. Ní tèmi, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ló kàn. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ojúlówó rẹ̀ níbí láìjẹ́ pé mo dé ọjà páàtì Gate ní Ìbàdàn, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi, kó sì sọ iye tó rà á.