LibreNMS, Zabbix tàbí PRTG: ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lo fáìlì MIB kí ẹ tó náwó

Ẹni tó bá ní ọ́fíìsì l'Óṣogbo, yálà ní Òkè-Fìá tàbí Ògo-Olúwa, tó fẹ́ fi sófúwíà bíi LibreNMS, Zabbix tàbí PRTG máa ṣọ́ rútà, súwíìṣì àti UPS rẹ̀ (ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbé iṣẹ́ ró bí iná bá lọ) látojú kan, iye owó ló máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí sófúwíà náà ń fi fáìlì MIB ṣe.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ SNMP (ọ̀nà tí ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń ròyìn bó ṣe wà), nọ́ńbà lásán ni. Fáìlì MIB tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín ló ń sọ ohun tí nọ́ńbà náà jẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, dátà á ṣì máa wọlé, àmọ́ ẹ ò ní mọ ohun tó ń wí.

Ẹ wo UPS, nítorí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Nínú UPS-MIB, èyí tí RFC 1628 (ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kan) gbé kalẹ̀, bí upsOutputSource bá jẹ́ 3, iná ń wọlé bó ṣe yẹ. 5 ni ti bátìrì. Nínú PowerNet-MIB ti APC, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe UPS, bí upsBasicOutputStatus bá jẹ́ 3, orí bátìrì ni UPS wà. 2 ni ti iná. 3 kan náà, ọ̀rọ̀ méjì tó ta kora! Ẹni tó bá fi ti àkọ́kọ́ ka ti ìkejì, bátìrì á máa tán lọ, ojú kọ̀ǹpútà á ṣì máa sọ pé kò séwu. Bẹ́ẹ̀ náà ni fóltéèjì: 540 tí UPS-MIB bá gbé wá fún bátìrì, 54.0 V ni.

LibreNMS: ọ̀fẹ́ ni, orí Linux ló ń ṣiṣẹ́. MIB ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti wà nínú /opt/librenms/mibs, títí kan Cisco, MikroTik àti APC, ó sì ń dá wọn mọ̀ fúnra rẹ̀. Fún ilé ìwé tàbí ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ládùúgbò, òun la máa mú. Ibi tó ti le ni ẹ̀rọ tí kò mọ̀: kéèyàn kàn ju MIB sínú fódà kò tó, ẹ ní láti kọ fáìlì YAML (fáìlì ìṣètò tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lásán kọ) tó ń sọ OID (nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ohun kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ) tó máa kà àti iye tó máa fi pín in.

Zabbix: òun náà ò gba owó. Bí ẹ bá kọ OID ní nọ́ńbà, kò nílò MIB rárá. Ẹ̀yin lẹ máa fi 0.1 sínú preprocessing kó lè sọ 540 di 54.0, kí ẹ sì kọ ìtumọ̀ 3 àti 5 sínú value mapping. Bí ẹ bá lo orúkọ dípò nọ́ńbà, MIB gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀rọ tó ń ka dátà gan-an. Bí ẹ bá ní ẹ̀ka ní Ẹdẹ tó ní proxy tirẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó ń bá Zabbix kó dátà jọ níbẹ̀), orí proxy yẹn ni kí ẹ gbé e sí, kí ẹ sì tún proxy náà tàn.

PRTG: ti Windows ni, ó sì rọrùn jù fún ẹni tí kò fẹ́ máa tẹ àṣẹ. MIB Importer rẹ̀ ń sọ MIB di fáìlì oidlib, tí ẹ máa gbé sínú fódà snmplibs. Sẹ́ńsọ̀ (ohun kọ̀ọ̀kan tó ń ṣọ́) 100 lọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n súwíìṣì oníhò 24 kan lè jẹ 24 nínú rẹ̀.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Lórí Ubuntu, ẹ fi snmp àti snmp-mibs-downloader sí i, kí ẹ fi # síwájú «mibs :» nínú /etc/snmp/snmp.conf, kí ẹ wá tẹ:

snmptranslate -On UPS-MIB::upsOutputSource

.1.3.6.1.2.1.33.1.4.1 ló yẹ kó jáde. Bí ẹ bá gbé MIB ilé iṣẹ́ kan wọlé tó ń kígbe «Cannot find module», ẹ ṣí i, ẹ wo abẹ́ IMPORTS: fáìlì mìíràn tó gbára lé ni kò sí níbẹ̀, ìyẹn ló sì máa ń fa wàhálà jù. Ẹ gba gbogbo wọn lọ́wọ́ ẹni tó ta UPS fún yín, èyí tó bá firmware (sófúwíà inú UPS) rẹ̀ mu.

Lẹ́yìn náà, ẹ yọ UPS kúrò lára ògiri. LibreNMS ń ka ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú 5-5, torí náà ẹ fi sílẹ̀ tó ìṣẹ́jú 10. Bí ojú kọ̀ǹpútà kò bá sọ pé orí bátìrì ló wà, ẹ má tíì sanwó.