Àpò aléfòó aláwọ̀ ọsàn: ojú ni ó wà fún, kì í ṣe ẹ̀mí

Àpò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí ni èyí tí àwọn tí ń lúwẹ̀ẹ́ ní adágún àti òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi bẹ́líìtì so mọ́ ìdí, tí wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí títí yóò fi wú, tí yóò sì máa tẹ̀ lé wọn lórí omi. Mo ra tèmi ní nǹkan bíi póún 25, Windermere, adágún tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo sì ti ń lò ó. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, nítorí pé ohun tí mo rí lára rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ tí wọ́n ń tà.

Kí n tó sọ àléébù rẹ̀, ó yẹ kí n yìn ín níbi tí ìyìn tọ́ sí i. Windermere gùn tó kìlómítà 17, ọkọ̀ ojú omi kò sì wọ́n níbẹ̀. Bí òfin tilẹ̀ ti fi eré wọn mọ sí máìlì ojú òkun 10 ní wákàtí kan (nǹkan bíi kìlómítà 18) láti ọdún 2005, orí dúdú tí ó yọ díẹ̀ lórí omi tí òun náà dúdú kò lè tètè hàn sí awakọ̀ tí oòrùn ń tàn sí lójú. Àpò yìí ń hàn. Ìyàwó mi tí ó máa ń dúró sí etí omi sọ fún mi pé àpò ni òun ń ṣọ́, nítorí pé òun kì í rí orí mi rárá bí mo bá ti jìnnà díẹ̀. Kò wúwo, okùn rẹ̀ kì í dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́, inú rẹ̀ sì gba fóònù àti kọ́kọ́rọ́ láìjẹ́ kí omi kàn wọ́n.

Ẹjọ́ tí mo ní ni ti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sí i. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́ sára páálí pé ó ń dáàbò bo ẹni tí ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí ni wọ́n wá fi lẹ́tà tín-ín-rín kọ ọ́ sí pé kì í ṣe ohun èlò ìgbẹ̀mílà. Èyí tí ó kéré yìí ni òótọ́. Bí omi bá ti tutù ju 15°C lọ, bẹ́ẹ̀ Windermere kì í sì í gbóná tó 15°C ní oṣù Kẹrin bí oòrùn tilẹ̀ mú, òjijì ni ara yóò fa èémí sínú láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni, tí a ó máa mí hẹlẹhẹlẹ, tí ọkàn yóò sì máa lù kìkì. Bí ẹnu bá wà lábẹ́ omi ní àkókò yẹn, omi ni a ó fà sínú, àpò tí ó wà lẹ́yìn kò sì ní ohun tí yóò ṣe sí i. Ìdí nìyí tí àwọn adóòlà orí òkun, RNLI, fi ń sọ pé kí ẹni tí omi tútù bá ká mọ́ má ṣe jà: kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí ó jẹ́ kí etí rẹ̀ rì, títí èémí yóò fi padà sípò. Òmùwẹ̀ náà ni omi sábà máa ń gbé lọ, pàápàá ẹni tí ó kọ́ ọ ní ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, níbi tí omi kì í ti í ta ènìyàn báyìí.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀jẹ̀ yóò máa sá kúrò ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ìdè bẹ́líìtì tèmi jẹ́ irú èyí tí a ní láti fún ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ó tó tú. Mo gòkè ní ọjọ́ kan tí ìka mi kú tipiri, mo fún un títí, kò tú. Ìyàwó mi ni ó bá mi tú u. Ṣé ìka tí kò lè tú bẹ́líìtì lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni yóò di àpò tí ń yọ̀ mú láàárín adágún? Ara á tún máa tutù sí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti jáde, nítorí náà kí a tètè nura, kí a wọ aṣọ òkè ṣáájú ti ìsàlẹ̀, kí a sì mu tíì. Omi gbígbóná kíkankíkan kọ́ ni a ó kọ́kọ́ dà sára, ọtí kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Síbẹ̀, n óò tún irú rẹ̀ rà bí èyí bá bẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó ní yàrá atẹ́gùn méjì, kí ọ̀kan lè dúró bí èkejì bá ń jò, tí ìdè rẹ̀ sì tóbi tó èyí tí a lè fi ọwọ́ tí ó ti kú tú. Ẹni tí ó bá ń rà á fún ọmọdé tàbí fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ó fi owó yẹn kún ti ẹ̀wù aléfòó gidi.