Ọ̀sẹ̀ Mẹ́jọ Lẹ́nu Kádígàn Ọmọdé ní Ìkòròdú

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Ìkòròdú, tí kò jìnnà sí Sábó, níbi tí wọ́n ti ń ta òwú tí wọ́n sì ń kọ́ni ní aṣọ òtútù híhun ní ọ̀sán Sátidé. Mo san 15,000 náírà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, mo ra òwú àti abẹ́rẹ́ lọ́tọ̀, mo sì ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá láti Ìgbógbó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ mi tí kò tíì pé ọdún kan nígbà náà. Kádígàn ọmọdé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Wọn kì í fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ìborùn tàbí fìlà hun.

Mo gbà pé ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tí ó bá ń hun ìborùn yóò máa hun ìlà kan náà títí yóò fi sú u, kò sì ní kọ́ ohun púpọ̀ nínú rẹ̀. Kádígàn ọmọ ọdún kan kéré, 200 gíráàmù òwú tó o, síbẹ̀ gbogbo iṣẹ́ tí ó wà lára ti àgbàlagbà ló wà lára rẹ̀: ènìyàn yóò kó ojú, ìyẹn ìkọ́ òwú kéékèèké tí a fi ń hun aṣọ, sórí abẹ́rẹ́, yóò hun etí ìsàlẹ̀ tí ó máa ń fà bíi rọ́bà, yóò dín ojú kù níbi abíyá àti ọrùn, yóò máa fi ojú kún apá bí ó ti ń gòkè láti ọrùn ọwọ́, yóò dá ihò bọ́tìnnì sí, yóò sì rán ẹ̀yìn, iwájú méjèèjì àti apá méjèèjì pọ̀. Bí a bá ṣe àṣìṣe, ìrọ̀lẹ́ kan péré ni a ó fi tú u tí a ó sì fi tún un hun. Yàtọ̀ sí èyí, orí ọmọ ọwọ́ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, kò sì fẹ́ kí a ki aṣọ bọ òun lórí, nítorí náà aṣọ tí ó là níwájú ló rọrùn jù fún tìyá-tọmọ.

Màmá tí ó ń kọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ọ̀gá, kì í gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ẹni, èyí sì ni ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú kan já bọ́ lórí abẹ́rẹ́ mi láìmọ̀, mo sì ti hun ìlà mẹ́rìnlá kọjá rẹ̀ kí wọ́n tó ní, “Ìyá ọmọ, ẹ wo ìsàlẹ̀ ibẹ̀ yẹn dáadáa.” Mo ti ń múra láti tú gbogbo rẹ̀ nígbà tí wọ́n na abẹ́rẹ́ kírósè, èyí tí ó ní ìkọ́ lẹ́nu, sí mi, tí wọ́n sì ní kí n fi mú ojú tí ó já náà, kí n máa fà á gòkè láti okùn kan dé èkejì bí ẹni ń gun àkàbà, títí tí yóò fi padà sórí abẹ́rẹ́. Wọn kò fi ọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti bẹ̀rù ojú tó já mọ́. Bákan náà ni wọ́n máa ń fi agbára fa bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan tí a bá rán, nítorí ẹnu ni ọmọdé ń kó gbogbo nǹkan sí; èyí tí ó bá mì, a ó tún un rán.

Ibi tí mo ti bínú ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Lára bébà tí wọ́n fi ń wé òwú tí a lò, wọ́n kọ ọ́ pé pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mìlímítà 4, ojú 22 àti ìlà 28 ló gbọ́dọ̀ wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Kò sí ẹni tí ó ní kí a kọ́kọ́ hun ègé kékeré kan kí a wọ̀n ọ́ wò. Ọwọ́ tèmi dẹ̀, ojú 19 péré ló ń wọ inú sẹ̀ǹtímítà 10, nítorí náà ojú 114 tí ó yẹ kí ó fún mi ní sẹ̀ǹtímítà 52 yíká àyà di 60. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, tí ó ti pé ọdún mẹ́ta, ló ń wọ kádígàn yẹn lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí mo fi ẹjọ́ sùn, Ìyá Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ kì í kéré títí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n owó tí mo san kì í ṣe ti kí ọmọ dàgbà bá aṣọ. Nígbà tí mo hun èkejì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mìlímítà 3.5, lẹ́yìn tí mo ti fúnra mi wọn ègé kékeré, ó bá a mu rẹ́gí.

Wọ́n tún máa ń tú bébà yìí dànù bí wọ́n bá ń ta òwú ní ẹyọ ẹyọ, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà aró, tí a fi ń mọ òwú tí wọ́n jọ pa láró pọ̀, wà lára rẹ̀. Mo padà lọ ra ẹyọ kan sí i ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, apá òsì sì fi díẹ̀ dúdú ju ti ọ̀tún lọ. Òwú akírílíìkì, èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe, ló pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ó dára fún ọyẹ́ àti afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ Ẹ̀bùté ní oṣù Keje, ṣùgbọ́n kì í fa òógùn, ó sì ń rọ jọ̀bọ̀tọ̀ bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná bá kàn án. Ìbá wù mí kí wọ́n máa ta èyí tí ó ní òwú gidi tí a ń ká lóko nínú.

Ọ̀dọ́bìnrin tí ó ń ran Ìyá Ọ̀gá lọ́wọ́ mọ raglan, irú aṣọ òtútù kan tí a ń hun láti ọrùn wá sílẹ̀ láìrán èjìká rárá. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé láti inú ogun Kríméà, tí Gẹ̀ẹ́sì bá Rọ́ṣíà jà, ni orúkọ raglan àti kádígàn ti wá: Raglan ni olórí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, Cardigan sì ni ó ṣíwájú àwọn ẹlẹ́ṣin ní Balaclava ní ọdún 1854. Híhun raglan ni mo fẹ́ kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀dọ́bìnrin náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tí ń bọ̀, mo sì ti san àsansílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi lọ, kí ó mú téèpù lọ́wọ́, kí ó ra gbogbo òwú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí ó sì tètè dé, nítorí àga mẹ́fà péré ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, iná kì í sì í sábà wà ní ọ̀sán Sátidé.