Oògùn tuntun pátápátá tàbí oògùn àtijọ́ fún àrùn mìíràn?

Ẹni tó bá ń wá oògùn fún fáírọ́ọ̀sì tàbí kòkòrò afòmọ́ ilẹ̀ olóoru lè ṣe èròjà tuntun tí yóò bá ìrísí purotéènì kòkòrò náà mu, tàbí kí ó yẹ oògùn tó ti wà fún àrùn mìíràn wò.

Ní ti owó àti àkókò, oògùn àtijọ́ ló fúyẹ́ jù, nítorí a ti mọ ìwọ̀n tí ara èèyàn lè gbà. Miltefosine, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún jẹjẹrẹ, di oògùn leishmaniasis (àrùn kan tí kòkòrò afòmọ́ ń fà) ní Íńdíà ní 2002, ẹnu ni wọ́n sì ń gbà lò ó, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Àmọ́ ó lè ṣe ọlẹ̀ inú aboyún léṣe. Àbùkù oògùn kì í dúró sẹ́yìn nígbà tó bá pààrọ̀ iṣẹ́.

Ní ti ìbámu, èròjà tuntun ló borí. Saquinavir, oògùn HIV tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1995, ń dí ibi tí énsáímù HIV (purotéènì tó ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀bẹ) ti ń gé purotéènì gígùn sí wẹ́wẹ́. Láìsí gígé yìí, fáírọ́ọ̀sì tó bá jáde kò lè ranni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èròjà tuntun ni kì í dé ọ̀dọ̀ aláìsàn rárá.

Ewu oògùn àtijọ́ ni kí a tètè gbà á gbọ́: hydroxychloroquine, oògùn ibà àtijọ́, dènà fáírọ́ọ̀sì COVID-19 nínú àwo àyẹ̀wò, síbẹ̀ ìdánwò ńlá ní 2020 fi hàn pé kò dín ikú kù.

Bí àjàkálẹ̀ bá bẹ́ lójijì, tàbí tí owó kò tó, oògùn àtijọ́ ni kí a kọ́kọ́ dán wò. Bí a bá ti mọ ìrísí purotéènì náà dáadáa, tí àkókò sì wà, èròjà tuntun ló yẹ.