Bàbá tó tún sílóò Ìjàpá mi ṣe lọ́nà Òǹdó, Ilé-Ifẹ̀

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ìjàpá bàbá mi, ọkọ̀ Volkswagen Beetle, fi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Tó bá ń sáré, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti dúró pẹ́rẹ́ ní Lágere, níbi tí ọkọ̀ àti ọ̀kadà ti ń há mọ́ra, á bẹ̀rẹ̀: pù-pù-pù, á dákẹ́ díẹ̀, pù-pù, ilẹ̀kùn á máa mì, àfi kí n máa tẹ iná (pẹ́dà tó ń mú ọkọ̀ sáré) kó má baà kú. Ó kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní Mayfair nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọlọ́kadà ló bá mi tì í kúrò lójú títì. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọdún 1978 ni bàbá mi rà á, nígbà tí wọ́n ń to Ìjàpá pọ̀ l'Ékòó, òun ló sì fi kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà. Ẹ́ńjìnnì tó bá a wá ti lọ tipẹ́. Ẹ́ńjìnnì 1600 cc ló wà nídìí rẹ̀ báyìí.

Ẹni tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo bá ti débẹ̀, sukurudíráfà ló ń mú, á yí sílóò (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tí ọkọ̀ bá dúró) sókè, á ní ó ti parí. Ó tà mí ní plọ́ọ̀gì tuntun lẹ́ẹ̀mejì, ó tà mí ní kábúrétọ̀ (ibi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pò pọ̀) tòkunbọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ìgbọ̀n náà á ti padà dé. Ìyàwó àbúrò mi ló wá ní kí n gbé e lọ bá bàbá kan lọ́nà Òǹdó.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò ní pátákó. Abẹ́ igi máńgòrò ni, Ìjàpá aláwọ̀ ewé kan tí kò ní táyà mọ́ ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ máa fi dá a mọ̀. Mo kí Bàbá, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì." Ó jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn ọkọ̀, ó ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ó gbé etí lé e. Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé oorun ti ń kùn ún.

Ó wá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó fa wáyà plọ́ọ̀gì sílíńdà 1. Ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ kú. Ó dá a padà. Sílíńdà 2, bákan náà. Ó fa ti 3: bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń gbọ̀n. Ti 4, kò mọ̀ ọ́n lára. "Ìyá, apá òsì ò bá yín ṣiṣẹ́. Plọ́ọ̀gì méjì kì í dìídì kú pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Afẹ́fẹ́ ń gba ibì kan wọlé." Ó fín kábù klínà (omi ìfọ kábúrétọ̀) díẹ̀ sí ibi tí rọ́bà ti so páìpù maniifóòdù, èyí tó ń gbé epo àti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì, pọ̀ lápá òsì, ohùn ẹ́ńjìnnì sì yí padà lójú ẹsẹ̀. Ó pa á, ó tú báńdì irin méjèèjì, ó yọ rọ́bà náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ níwájú mi. Lójú òkè, dúdú tó ń dán ni. Lábẹ́ ibi tí báńdì ti dì í mú ló ti là, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ ló ya ẹnu bí ẹja. Oṣù mẹ́ta, plọ́ọ̀gì mẹ́jọ, kábúrétọ̀ kan, nítorí rọ́bà tí kò gùn tó ìka mi.

Ó mú rọ́bà tuntun méjì nínú agolo mílíìkì, ó ní tí ti òsì bá ti là, ti ọ̀tún ń bọ̀ lẹ́yìn. Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mi kiri. Ó ní kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ dọ̀la, pé òun kì í ṣe tápẹ́ẹ̀tì (àyè tó yẹ kó wà lẹ́yìn fáàfù) ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ibí yìí ni mo ti mọ̀ pé ọ̀gá ni. Ẹni àkọ́kọ́, gbígbóná báyìí ló máa ń ṣe é.

Aago méje àárọ̀ ni mo débẹ̀. Fíìlà, irin pẹlẹbẹ tó nípọn 0.15 mm, ló fi ń wọn àyè náà, ṣùgbọ́n níbi fáàfù èéfín (ilẹ̀kùn tí èéfín ń gbà jáde) sílíńdà 3, irin náà kò ráàyè wọlé rárá. Ó ní fáàfù tí kò bá lè padé dáadáa, iná á jó o ni, pé sílíńdà 3 yìí ló sì ń gbóná jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn tó tún un ṣe, ó fún mi ní fíìlà kí n fà á fúnra mi: ó ń lọ, ó sì ń di ọwọ́ mú díẹ̀, bí ẹni ń fa ojú ìwé kan jáde láàárín Bíbélì. Ó sún kọ́ńtáktì sẹ́ẹ̀tì, tó ń já iná fún plọ́ọ̀gì, sí 0.4 mm, ó wo táímìn, ìyẹn àsìkò tí plọ́ọ̀gì ń tanná.

Kábúrétọ̀ ló fi kẹ́yìn. Sukurúù tí wọ́n ti ń yí fún mi látọjọ́ yìí, èyí tó gbé apá tọ́rọ́tù (ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ inú kábúrétọ̀) dúró ni, kò sì yẹ kí wọ́n fi ṣe sílóò lórí irú kábúrétọ̀ yìí, 34 PICT-3. Ó dá ìyẹn padà sáyè rẹ̀, ó wá ń yí èyí tó tóbi lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi ń yí ní nǹkan bí ìgbà 850 níṣẹ̀ẹ́jú kan. Gbogbo ara ọkọ̀ dákẹ́. Ìró fáànù nìkan ni mo ń gbọ́. Omi bọ́ lójú mi, mi ò tijú.

₦15,000 ni owó iṣẹ́, ₦9,000 ni rọ́bà méjèèjì àti gásíkẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà àtijọ́ wà lọ́wọ́ mi.

Àwọn ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀: Bàbá kì í gbé fóònù. Kò sí àga fún oníbàárà, tí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀. Ìdérí tápẹ́ẹ̀tì apá ọ̀tún jo ọ́ìlì lọ́jọ́ kejì. Mo padà lọ, ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Èyí tó ká mi lára jù ni pé kò ní ohun ìpaná, garawa yanrìn kan péré ló wà, bẹ́ẹ̀ epo ni wọ́n ń tú sílẹ̀ lójoojúmọ́. Mo sọ fún un, ó ní òun á rà á. Mo máa tún wo ibẹ̀ tí mo bá lọ.

Ní Sátidé mo gbé e gba Òṣú lọ sí Iléṣà. Sún-kẹẹrẹ wà lọ́nà, mo dúró pẹ́, ẹsẹ̀ mi kò kan iná.

Tí ẹ bá ń gbé tiyín lọ, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ, kí ọkọ̀ sùn síbẹ̀. Ẹ má lọ ní ọ̀sán Jímọ́ọ̀, Bàbá ti lọ kírun.